Sí Ọkọ Mi Àdàlù: Ẹ Kú Iṣẹ́ Kòkòrò Sísìn

Ọkọ mi Àdàlù,

Ẹ kú ìnáwó kẹ́míkà. Èmi ìyàwó yín ni mo kọ ìwé yìí, èyí tí ẹ ń pè ní Akọ̀wé nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí n ka ohun tó wà lára ìgò fún yín, tí ẹ sì máa ń ti dìde lọ kí n tó kà á tán. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní kí àbúrò yín bá mi sọ ọ́, òun náà dé ọ̀dọ̀ yín, ó bá yín rẹ́rìn-ín, ẹ sì jọ mu ẹmu lé e lórí. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e síta gbangba. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ wá yá gèlè mi fi bojú.

Àwọn ọmọ ilé rò pé torí ẹ̀wà àti àgbàdo tí ẹ fẹ́ràn ni mo ṣe sọ yín ní Àdàlù. Ká ní wọ́n bá mi dé oko lọ́jọ́ tí ẹ ń po ògùn ni, wọn ì bá mọ̀ pé ẹ̀wà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ da cypermethrin sínú tánkì. Ẹ da lambda-cyhalothrin lé e. Ẹ bu ọ̀tápíápíá díẹ̀ sí i kó lè gbóná, ẹ wá fi ọṣẹ ìfọṣọ parí rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ẹ fi igi rò ó, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí kò ta sí yín nímú tó, ẹ tún fi ìdérí kan kún un. Ẹ wá pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ẹ ń súfèé wọ inú àgbàdo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kí yín kú oríire, nítorí iṣẹ́ ńlá lẹ ń ṣe. Àwọn aládìẹ Ìbàdàn ń ra oúnjẹ, wọ́n ń sanwó fún dókítà ẹran, wọ́n ń yan àkùkọ tó lágbára kó lè bí èyí tó lágbára. Ẹ̀yin ò gba dókítà kankan, síbẹ̀ kòkòrò tó wà lóko yín báyìí, ẹ lè gbé e lọ síbi ìdíje. Ìyá rẹ̀ mu cypermethrin, kò kú. Bàbá rẹ̀ wẹ̀ nínú lambda, ó gbọn ara nù, ó lọ fẹ́yàwó. Àwọn ọmọ wọn lẹ wá ń náwó lé lórí lọ́dún yìí, tí ẹ ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́.

Ẹ máa ń sọ pé kẹ́míkà ayé ìsinsìnyí kò tó ti àtijọ́, pé wọ́n ti ń bomi là á. Mi ò jiyàn, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Òjò náà máa ń fọ ògùn dànù. Kòkòrò tó sì ti wọ ọkàn àgbàdo lọ, tó fi ìgbẹ́ ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, ògùn tí ẹ fín sórí ewé kò ní kàn án rárá. Gbogbo ìyẹn lè mú kí ẹ fín títí, kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti ra ti ṣọ́ọ̀bù tó dára, ẹ ti fín lẹ́ẹ̀rùn, ẹ ti fín nígbà tí kòkòrò ṣì kéré bí okùn ìránṣọ, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Nígbà tó bá ti rí báyẹn, kì í tún ṣe oníkẹ́míkà nìkan ló yẹ ká fura sí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti òní. Ní 1914, ọdún tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀, onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Melander, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi béèrè bóyá kòkòrò lè di ohun tí ògùn kì í ràn. Ó ti rí i pé kòkòrò kan tó ń mu omi ara igi eléso kì í kú mọ́ láwọn oko kan, bẹ́ẹ̀ ògùn kan náà, tí wọ́n fi ẹfun àti imí-ọjọ́ sè, ń pa á lóko mìíràn. Nígbà náà, kò sí cypermethrin, kò tíì sẹ́ni tó ń fi DDT pa kòkòrò, wọn ò tíì bí bàbá yín.

Bí Amẹ́ríkà bá jìn jù, ẹ jẹ́ ká lọ sóko bàbá náà. Ṣé ẹ rántí Gamalín 20? Ìran yín kò lè gbàgbé òórùn rẹ̀. Lindane ni ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì dé bí olùgbàlà sóko kòkó ilẹ̀ Yorùbá, nítorí kòkòrò kékeré kan tó máa ń kan ẹnu bọ ọ̀mùnú ẹ̀ka àti èso kòkó, tó ń fa omi ara wọn mu títí ewé á fi gbẹ bí èyí tí iná rà. Wọ́n fín Gamalín, kòkòrò kú, owó kòkó wọlé, páànù tuntun gun orí ilé. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń ṣèwádìí lórí kòkó ní Ghana àti ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn oko kan wà tí lindane kò ràn kòkòrò yìí mọ́. Ó di dandan kí wọ́n wá ògùn ìdílé mìíràn. Àwọn kan tí Gamalín ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sódò fi kó ẹja, ẹ sì mọ àwọn tó jẹ ẹja náà. Ọdún 2009 ni àdéhùn àgbáyé ti Stockholm tó kọ orúkọ lindane mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì.

Ibùdó tó ń ṣèwádìí kòkó fún gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, Ìdí-Ayunrẹ́ ló wà. Ọkọ mi, ẹnu ọ̀nà wọn lẹ ń gbà kọjá lọ sóko láti ìgbà tí ẹ ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹ ń juwọ́ sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ẹ ò wọlé rí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ jẹ wọ́n lówó ni.

Ohun tí ẹ kì í gbà fún mi ni bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ rò pé kòkòrò kan máa ń mu ògùn díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, tí ara rẹ̀ á fi mọ́ ọn, bí ara yín ṣe mọ́ ẹmu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò, ọ̀kan tàbí méjì ti wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó ra ìgò àkọ́kọ́ rárá. Nínú ikùn èyí, ohun kan wà tó ń fọ́ májèlé sí wẹ́wẹ́ kó tó ríṣẹ́ ṣe. Ti ọ̀hún, ibi tí ògùn ti máa ń di iṣan ìmọ̀lára mú ló yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògùn débẹ̀, kò rí nǹkan dì mú. Ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan, àwọn abàmì wọ̀nyí kò sàn ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n di ọba. Ẹ pa gbogbo àwọn tó ń bá wọn du oúnjẹ àti ìyàwó, ẹ pa èèrà tó ń kó ẹyin wọn jẹ, ẹ pa agbọ́n tó ń gbé ọmọ wọn lọ, ẹ wá kúrò lóko, ẹ ní ẹ ń lọ sinmi.

Ẹ sì wo irú kòkòrò tí ẹ ń bá dán irú èyí wò. Fall armyworm tó ń jẹ àgbàdo yín, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, ní Nàìjíríà, Benin, Togo àti São Tomé. Oko IITA, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn níbí, àti àwọn oko kan ní Ìkẹ́nnẹ́ wà lára ibi àkọ́kọ́ tó yọjú sí. Àlejò náà kò wá lọ́wọ́ òfo. Kó tó débí, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ti fi ìdílé ògùn bíi mélòó kan dán an wò, ó sì ti borí lára wọn. Ní Puerto Rico, ní nǹkan bí 2006, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àgbàdo tí àwọn onímọ̀ ti fi ohun tó ń pa á sínú irúgbìn rẹ̀. Abo àfòpiná rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó 1,500. Ní ilẹ̀ olóoru, láàárín nǹkan bí oṣù kan, ẹyin náà ti di àfòpiná tó ń yé tirẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti March dé November. Ẹni tó ń fi ìdérí ìgò míníràlì wọn kẹ́míkà ló fẹ́ bá irú èyí figagbága!

Mo mọ èsì yín: "Ṣebí mo ń pààrọ̀ ògùn."

Ọkọ mi, ìgò lẹ ń pààrọ̀. Ẹ ti ra aláwọ̀ ewé, ẹ ti ra aláwọ̀ búlúù, ẹ ti ra èyí tí wọ́n ya kìnnìún sí lára, nígbà tí kìnnìún kò pa kòkòrò ẹ ra èyí tí wọ́n ya idà sí. Èmi tí mo fẹ́ wọ agboolé yín mọ̀ pé orúkọ ẹ̀yin ọmọ ìyá kò jọra, ìwà yín gan-an kò jọra, ṣùgbọ́n bí onírárà bá débẹ̀, orílẹ̀ kan náà ni yóò fi kì yín. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ìgò wọ̀nyẹn. Ẹ pa orúkọ ńlá tó ń dán yẹn tì, ẹ wo orúkọ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń ní kí n má wulẹ̀ kà. Cypermethrin. Lambda-cyhalothrin. Deltamethrin. Bifenthrin. Ibì kan náà ni gbogbo wọn parí sí, pyrethroid sì ni orílẹ̀ wọn. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń gbá kòkòrò mú, nítorí náà, èyí tó bá ti mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ó ti mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọdún tí mo ti wọlé yín ni ẹ ti ń fi ọmọ ilé kan ṣoṣo ja ogun náà, tí ẹ kàn ń pààrọ̀ aṣọ fún un.

Àwọn ìdílé mìíràn wà. Chlorpyrifos, dimethoate àti dichlorvos tó wà nínú ọ̀tápíápíá yín, ilé kan ni wọ́n. Imidacloprid àti acetamiprid, ilé mìíràn. Emamectin àti abamectin tún nìyẹn. Láti 1984 ni àwọn tó ń ṣe ògùn wọ̀nyí fúnra wọn ti ní ẹgbẹ́ kan, IRAC, tó ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 3A ni àwọn pyrethroid, 1B ni ti chlorpyrifos àti àwọn ẹbí rẹ̀, 4A ni ti imidacloprid, 6 ni ti emamectin, 28 ni ti chlorantraniliprole. Àwọn ìgò kan máa ń tẹ nọ́ńbà náà sára, àwọn mìíràn kì í tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àánú wa ló ń ṣe wọ́n o. Ọjà wọn ni wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Èmi ò bínú sí wọn. Nọ́ńbà náà wúlò ju kìnnìún lọ.

Ẹ wá padà wo àdàlù yín. Cypermethrin jẹ́ 3A. Lambda jẹ́ 3A. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sanwó fún ohun kan náà, ẹ wá fi ọ̀tápíápíá, tí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣe iyọ̀. Òórùn rẹ̀ tó ń mú yín lórí yá kì í ṣe agbára. Emamectin kì í rùn tó bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìdí tí ẹ kò fi fọkàn tán an nìyẹn.

Ẹ máa ń fi kòkó dá mi lóhùn: "Èyí tí mo ń fín sí kòkó ńkọ́? Ṣebí oríṣi méjì ni wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀." Òótọ́ ni, mo sì ti ń retí rẹ̀. Ògùn àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, èyí tí metalaxyl àti bàbà wà nínú rẹ̀, tẹ́lẹ̀ rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Omi bàbà àti ẹfun tí àwọn bàbá yín ń fi òkúta búlúù pò, ilẹ̀ Faransé ló ti wá, láti 1885, ọgbà àjàrà ni wọ́n kọ́kọ́ fi í tọ́jú. Ó ń gbógun ti àrùn níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ni àrùn kò fi tíì rí ọgbọ́n tó pọ̀ dá sí i títí dòní. Metalaxyl dé ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ó mọ́, ó yára, ó ń wọ inú igi lọ, ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ló ń gbá mú. Nígbà tó fi máa di 1980, àrùn ànàmọ́ òyìnbó ní Ireland ti rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn ọdún mélòó kan péré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé kò yẹ kó máa dá nìkan rìn, tí wọ́n fi fi nǹkan mìíràn bíi bàbà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa: ìdílé méjì tí kò bára tan, ìkọ̀ọ̀kan wọn pé ìwọ̀n tó lè fi dá pa àrùn náà, wọ́n sì ti dán an wò kí wọ́n tó dì í. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì á gbé e. Tiyín, ọmọ ìyá méjì ni ẹ dì papọ̀, ẹ dín ìwọ̀n méjèèjì kù nítorí ẹ rò pé wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n sì mọ àbúrò délé. Kí n tó kúrò lórí kòkó: èso tó ti dúdú tí ẹ fi sílẹ̀ lórí igi, ilé àrùn náà nìyẹn. Kíká a kúrò àti rírẹ́ ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ igi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì sí àrùn tó mọ ọgbọ́n tí yóò dá sí àdá.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí, mo mọ̀ pé ẹ ó tún pe àbúrò yín wá gbọ́ ọ. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló yẹ kí ẹ pa.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Kòkòrò tí ògùn ń pa ni àna tó dára jù lọ fún kòkòrò tí ògùn kì í pa. Bí akọ tó le bá rí abo tó rọ̀ fẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà àwọn ọmọ wọn kò ní le tó bàbá, ògùn tí ẹ wọ̀n bó ṣe yẹ á ṣì ràn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbá gbogbo abo tó rọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, akọ tó le kò ní rí ẹlòmíràn fẹ́ àfi ọmọ líle bíi tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń san owó ìgbéyàwó yẹn. Ẹ̀yin lẹ tún ń ṣe alága ìdúró. Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tó bá gbin àgbàdo tó ní oró kòkòrò nínú irúgbìn rẹ̀, òfin ló sọ pé àgbàdo lásán gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀, kí kòkòrò tó rọ̀ lè rí ibi gbé kí ó sì jáde lọ fẹ́ àwọn yòókù. Ìjọba ń ṣètò ìyàwó fún kòkòrò, ẹ̀yin ń bá mi jiyàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé tánkì, ẹ rìn yí oko ká, ẹ yẹ ọkàn 100 àgbàdo wò, kì í ṣe ti eteetí ọ̀nà nìkan. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn olóko kéékèèké ni pé nígbà tí àgbàdo ṣì kéré, bí àwọn tó ní àpá tuntun kò bá tó nǹkan bí 20 nínú 100, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àgbàdo tí ara rẹ̀ le máa ń tún ewé rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin, ihò kan ṣoṣo lẹ máa rí lára ewé kan, ẹ ó pariwo "Wọ́n ti dé o!" bí ẹni rí olè.

Bó bá wá di dandan, ẹ fín ín nígbà tí ìdin ṣì kéré, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń jáde wá jẹun. Ẹ mú ìdílé kan. Ẹ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ife oníwọ̀n. Láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ni kí ẹ lò. Bí 30 ọjọ́ bá pé, ìran kòkòrò mìíràn ló wà nílẹ̀, ìdílé ògùn mìíràn ni kí ó bá pàdé, kí ti tẹ́lẹ̀ lọ sinmi. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sára ògiri abà, níbi tí ẹ ń kọ gbèsè ẹmu sí. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò gbówó púpọ̀, igi dóńgóyárò wà níwájú ilé, hóró rẹ̀ ló sì ń bọ́ sílẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ ó ní bí ẹ bá tilẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, aládùúgbò yín kò ní ṣe é. Níbi tí ẹ ti mú mi nìyí, nítorí àfòpiná armyworm lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan, kò mọ ààlà oko yín. Ṣùgbọ́n àwọn olóko òwú ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní Benin, Togo àti àwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká, pyrethroid kò ràn kòkòrò òwú dáadáa mọ́. Wọ́n fẹnu kò pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn, kí ẹnikẹ́ni má fi pyrethroid fín òwú, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ di iwájú. Wọ́n ṣe é, pyrethroid sì rí ìsinmi. Ohun tó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé endosulfan ni wọ́n fi dí àlàfo náà, májèlé tó le jù. Àwọn ènìyàn kú ní Benin, àwọn kan nítorí oúnjẹ tó kan ògùn, àwọn kan nítorí kègé òfìfo tí wọ́n tún rọ nǹkan sí. Ní 2011, àdéhùn Stockholm náà kọ orúkọ endosulfan mọ́ ti lindane. Mo sọ méjèèjì papọ̀ kí ẹ má baà gbọ́ apá kan, kí ẹ sì sáré lọ ra ohun tó burú ju èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ yín tó wà létí odò kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí mi ò rí oorun sùn. Pyrethroid yìí kan náà ni wọ́n fi sára nẹ́ẹ̀tì tí a ń sùn sí. Omi tó ń dúró láàárín ebè ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń bímọ sí, ibẹ̀ náà ni ohun tí ẹ fín ń ṣàn sí. Ní Benin, àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀sùn kan ògùn òwú àti ti ẹ̀fọ́ pé wọ́n wà lára ohun tó sọ ẹ̀fọn ibà di líle. Ìwádìí kan tó jáde ní 2007 sì fi hàn pé ní gúúsù ilẹ̀ náà, nẹ́ẹ̀tì oníògùn kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀fọn mọ́. Èyí tó ń kọrin sí mi létí lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ oko yín. Ẹ wá mú un.

Ọ̀rọ̀ koríko kò ní gùn, ó ti ń rẹ̀ mí. Glyphosate tí wọ́n fi ń pa koríko ti wà lọ́jà láti 1974. Ní 1996, wọ́n rí koríko kan ní Australia tí kò kú fún un mọ́. Ní 1997, gbégi ni wọ́n rí ní Malaysia, gbégi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko yín gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá fín, tí gbogbo koríko kú, tí ìdì mẹ́ta mẹ́rin dúró gbọin láàárín wọn, ẹ má fi ìwọ̀n tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lé e. Ẹ gbé ọkọ́, ẹ hú u kó tó so. Àwọn bàbá wa fi orúkọ olóṣèlú sọ koríko kan rí, wọ́n ní Akíntọ́lá-ta-kú. Mi ò fẹ́ kí èyí tí yóò ti oko yín jáde máa jẹ́ orúkọ ọkọ mi.

Ìdílé ògùn tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ náà kò pọ̀ mọ́. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, NAFDAC, ti kéde òpin paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ti chlorpyrifos láti November ọdún kan náà, ti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Èmi ò bá yín ṣọ̀fọ̀ wọn, ara ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bí ìdílé ògùn tuntun, àwọn díẹ̀ tó kù ni ẹ sì tún fẹ́ kó dà sínú tánkì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, mò ń bọ̀ lóko pẹ̀lú bírò. Ẹ to gbogbo ìgò sí orí tábìlì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, a ó fi nọ́ńbà ìdílé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ju ìdílé méjì lọ níbẹ̀, màá gún iyán fún yín. Nígbà tí a bá ń bọ̀, a ó yà ní géètì tí ẹ ti ń juwọ́ sí láti kékeré, a ó wọlé. Mo ti ki ẹ̀ṣọ́ náà nílọ̀.

Èmi ni ìyàwó yín,
Akọ̀wé.

Mo gbàgbé: kègé epo pupa tí ẹ fi ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, ẹ fọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ò fọ lẹ́tà ara rẹ̀ tán. "Lambda" ló kù níbẹ̀. Mo ti da epo náà nù, mo sì ti fi ìṣó gún kègé ọ̀hún nídìí lójú mẹ́ta. Ẹ jẹ ìyá wa ní epo kègé kan, kó kún dẹ́nu.